Ilé Ìkàwé Tí Wọ́n Kó Àga Rẹ̀ Kúrò

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà, 1963

Òjò láti àárọ̀. Mísíìsì Haskell wá sí Dogwood fúnra rẹ̀ lónìí. Láti ìgbà tí mo ti ń bójú tó ilé ìkàwé àwọn dúdú yìí, kò wá rí. Inú ilé ìkàwé ńlá tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ló ti máa ń pè mí lórí tẹlifóònù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò pa agbòjò rẹ̀ dé. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ìdájọ́ kóòtù. Níwọ̀n ìgbà tí adájọ́ ti ní kí dúdú àti funfun jọ máa lo ilé ìkàwé ńlá, ìlú Corley ò nílò méjì mọ́. Wọ́n á ti Dogwood pa lọ́jọ́ Sátidé.

"Ìwọ á máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, Ardelia."

Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni kí n wá ṣe.

"A ó wá nǹkan kan fún ọ."

Láti ìgbà tí ogun Hitler ti parí ni mo ti wà ní Dogwood. Ìwé ẹ̀rí dìgírì mi láti Atlanta wà lára ògiri bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn wò ó fìrí ni. Kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní ilé ìkàwé ńlá, òun náà ò ní in. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán ni mo bi ara mi pé kí ni mo ń dúpẹ́ fún.

Sátidé, 8 oṣù Kẹfà

Ó ti parí. Díkónì Whitlow ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló jáde kẹ́yìn. Ó ka ìwé ìròyìn rẹ̀ dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpolówó màlúù àti oko, kó má baà dìde. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó tó àkókò, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dáa yẹn lé ọwọ́, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó fi fìlà rẹ̀ kí mi.

Vashti Broome dúró dè mí níta. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń ṣọ̀rẹ́, òun ló sì ń darí àwọn obìnrin tó ń pàdé ní Dogwood ní Ọjọ́bọ̀ láti jọ kàwé.

"Wọ́n ní o ń lọ sọ́dọ̀ wọn."

"Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, Vashti."

"Iṣẹ́ wo? Adájọ́ ni wọ́n fẹ́ máa fi ọ́ hàn. 'Ẹ wò ó o, a ti gba dúdú kan síṣẹ́.' Sọ fún wọn pé o ò lọ. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Ká lọ bẹ̀rẹ̀ tiwa níbẹ̀."

"Pẹ̀lú ìwé wo? Ìwé ìlú ni gbogbo rẹ̀. Tí mi ò bá sì lọ, ta ni nínú wa ló máa wà níbẹ̀ nígbà táwọn èèyàn wa bá wọlé?"

"Ta ló sọ fún ọ pé àwọn èèyàn wa máa wọlé?"

Kò bá mi rìn délé. Láti ìgbà tí Màmá ti kú nínú òtútù oṣù Kejì, oúnjẹ ẹni méjì ni mo ṣì ń sè. Mo tún sè é lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹfà

Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà wọlé. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú ilé yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ rẹ̀ máa ń dún tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bàtà. Nígbà tí mo dé àárín yàrá ni mo rí ohun tó ń mú un dún. Kò sí àga níbẹ̀. Tábìlì gígùn wà, ibi ìpamọ́ ìwé wà, àtùpà wà, ṣùgbọ́n kò sí àga kan ṣoṣo. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀ ṣì funfun lórí pákó ilẹ̀.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni," ni Mísíìsì Haskell wí. Kò wò mí lójú. "Ìgbìmọ̀ rò pé ó máa dín wàhálà kù."

Ó yé mi. Adájọ́ ní ká jọ máa wọlé, kò ní ká jọ jókòó. Wọ́n wá fi oníkálukú sórí ìdúró.

Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ ìwé tó ti ya. Wọ́n fún mi ní gọ́ọ̀mù, búrọ́ọ̀ṣì àti tábìlì kan lábẹ́ fèrèsé tóóró tó bá ilẹ̀ ìta dọ́gba. Gbogbo àga ilé ìkàwé náà wà lẹ́yìn ẹ̀rọ amúlégbóná, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn títí dé òkè àjà. Nínú ilé yẹn látòkè délẹ̀, èmi nìkan ni mo ní ibi tí mo lè jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Joyce Teague ló ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ní káńtà lókè. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ló sì kọ́. Ká ní mo bímọ nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń bí, ọmọ mi ni ì bá jẹ́.

"Ardelia, wá gbé àwọn yìí."

"Mo ti ń bọ̀, Mísì Teague."

Mo fi ẹ̀yin pè é, ó fi ìwọ pè mí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tàbùkù mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo bèèrè ibi tí mo lè lọ tọ̀. Mísíìsì Haskell wo Joyce, Joyce wo àjà.

"Kóòtù ò sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn," ni Mísíìsì Haskell wí.

Mo sọdá títì lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Tate, èèyàn wa tó ń tún bàtà ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹfà

Ooru mú. Yìnyín ti tún wọ́n sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó pe ìlú lẹ́jọ́ wá lọ́jọ́ kìíní, wọ́n dúró lójú àwọn oníròyìn, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ti lọ lo ìsinmi wọn báyìí. Láti ọjọ́ náà, n ò tíì rí ẹsẹ̀ dúdú kan lójú fèrèsé mi tó yà wọlé. Wọ́n á rìn dé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n á dẹ ẹsẹ̀, wọ́n á kọjá. Mo mọ bàtà àwọn míì nínú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹfà

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Vashti àtàwọn obìnrin Ọjọ́bọ̀ jókòó sí apá òsì. Apá ọ̀tún la máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí mi. Wọ́n kí mi dáadáa, bí a ṣe ń kí àlejò.

Àbúrò mi, Cleotha, pè láti Detroit. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò níbẹ̀ jàre. Níbí, ẹni tó ń ta mílíìkì gan-an ń pè mí ní Mísíìsì."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún un pé àárín àga ni mo ń jókòó sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Keje

Mo rí bàtà Díkónì Whitlow lójú fèrèsé, èyí tí wọ́n fi awọ gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ ga. Ó dúró níwájú àtẹ̀gùn, ó sì gùn ún. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí mi, kò, kò, kò, títí dé ibi ìwé ìròyìn.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo gòkè lọ. Ó fi ìgbáròkó ti tábìlì, ó tẹ̀ sórí ìwé ìròyìn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Díkónì, ẹ káàbọ̀."

"Ṣé ibí ni wọ́n fi ọ́ pamọ́ sí? Mo rò pé wọ́n ti tà ọ́." Ó wo yàrá náà yí ká. "Àwọn èèyàn yìí mọ àlejò ṣe o. Wọ́n pe ènìyàn wá jẹun, wọ́n sì kó àwo pamọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

"Ardelia," Joyce pè láti káńtà, "ṣé nǹkan kan wà tó o ń wá lókè ni?"

"Rárá, Mísì Teague."

Mo padà sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pá Díkónì fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò tíì lè ka ojú ewé méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Keje

Wọ́n kó ìwé Dogwood dé nínú páálí. Mísíìsì Haskell ní kí n kọ́kọ́ kó wọn sínú oòrùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní wọ́n ń rùn.

Mo gbé imú sí wọn. Èéfín igi, epo àtùpà, òórùn kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ìyá tó mọ́ tónítóní. Ilé àwọn tó yá wọn ni wọ́n ń rùn. Mi ò kó wọn síta.

Ẹtì, 12 oṣù Keje

Àwọn òyìnbó náà ti ń dín kù. Mísíìsì Pettibone, opó adájọ́ àtijọ́ kan, tí àwọn ará Corley ń bẹ̀rù bí ẹni bẹ̀rù àrá, bá Mísíìsì Haskell jà lókè orí mi gan-an. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Margaret, orúnkún mi ò lè ṣe eré burúkú yìí mọ́."

"Ìgbìmọ̀ ló ṣe é, ma."

"Ìgbìmọ̀ ló ń wú lórúnkún ni?"

Díkónì ń wá lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, mo rí i lójú fèrèsé. Ó ti tú okùn bàtà rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Keje

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé àwọn ìwé tí mo ti lẹ lọ sókè. Díkónì wà níbi tábìlì. Ojú rẹ̀ ti di eérú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, ó sì ń mì. Joyce rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ní káńtà, ó tún fà á padà. Òyìnbó ọkùnrin kan ṣí ojú ewé.

Mo sọ̀kalẹ̀. Àga tó wà lókè pátápátá ni mo fà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já lù mí. Mo gbé e gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ara ògiri. Mísíìsì Haskell ti dúró sí orí àtẹ̀gùn kí n tó dé òkè.

"Dá a padà, Ardelia."

"Mísíìsì Haskell, baba yẹn máa ṣubú."

"Mo rí i. Inú mi ò dùn sí i. Dá a padà."

"Mi ò lè dá a padà, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Ó yà. Mo gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Díkónì, mo sì fi ọwọ́ nù ún.

Díkónì mi orí. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó lè jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbọ́. "Ọmọ mi, gbé e kúrò. Má jẹ́ kí wọ́n lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìdí arúgbó."

"Ẹ jókòó, sà."

"Mi ò ní jókòó."

Bí a ṣe ń bá ara wa fà á báyìí ni Mísíìsì Pettibone ti ń bọ̀ láàárín tábìlì. Ó fa àga náà mọ́ra, ó sì jókòó sí i.

"Ẹ ṣeun," ló wí, kò sọ ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ìwé ìtàn ìpànìyàn tó mú dání. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Kò sẹ́ni tó lè sọ fún opó adájọ́ pé kó dìde. Mísíìsì Haskell lọ sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Díkónì fi fìlà rẹ̀ kí mi, ó sì fi ẹsẹ̀ yẹn rìn lọ sílé nínú oòrùn.

Mo fi iṣẹ́ mi wewu nítorí àga kan, òyìnbó ló jókòó sí i. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, mo sunkún sórí gọ́ọ̀mù.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Keje

Àga náà ṣì wà lókè. Wọ́n ti lẹ páálí kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: FÚN MÍSÍÌSÌ PETTIBONE.

Díkónì ò wá.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀. Àga tí òyìnbó bá ti jókòó sí, wọn ò lè kó o padà. Ó dára. Mo gbé òmíràn gòkè. Kì í ṣe pé mo yọ́ gbé e. Mo gbé e kọjá níwájú káńtà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sọ̀kalẹ̀. Joyce wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Kí n tó jókòó, mo ti gbọ́ tí àga náà dún lábẹ́ ẹnìkan tó wúwo.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Keje

Ọ̀kan lójúmọ́, bí oògùn. Àwọn òyìnbó ò bèèrè ibi tó ti ń wá. Wọ́n ń jókòó ni. Mísíìsì Haskell ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni pé wọ́n hù láti inú pákó. Lánàá, ó ní, "Ardelia, o mọ̀ pé mi ò fún ọ láṣẹ." Mo ní mo mọ̀, ma. Ó wá lọ.

Ẹ̀yìn ń ro mí. Èso píìṣì ti pọ̀ lójú ọ̀nà, ó ti ń dínwó. Mo ra agbọ̀n kan, ó pọ̀ jù fún mi. Mo gbé ìdajì lọ sílé Vashti. Ọmọ rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹtì, 2 oṣù Kẹjọ

Mo lọ kí Díkónì nílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Mo sọ fún un pé àga ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí, àwọn kan máa ń ṣófo lọ́sàn-án.

"Ìyẹn ni pé o fi ìdí òyìnbó gba àga fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ardelia Mabry, ìwọ ni wọn ì bá ti fi ṣe adájọ́."

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹjọ

Ìgbìmọ̀ pè mí. Mo wọ aṣọ búlúù tí mo fi gba dìgírì, mo ti tú u fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn jókòó. Orí ìdúró ni mo wà. Ọ̀gbẹ́ni Rainey tó ń ta oògùn ni alága wọn.

"Ardelia, ta ló rán ọ? Àwọn lọ́yà ẹjọ́ yẹn ni?"

"Rárá, sà. Ẹsẹ̀ Díkónì Whitlow ló rán mi."

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"O mọ̀ pé a lè dá ọ dúró lónìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo kọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé ẹni tó bá wá kàwé, kí á wá ibi tó máa jókòó sí fún un. Kò sí èyí tí mo kọ́ lẹ́yìn ìyẹn tó tún yí i padà."

Wọ́n ní kí n dúró níta. Orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí. Ẹyẹ wà lórí igi pikáànì, ariwo wọn pọ̀. Mísíìsì Haskell ló wá bá mi. Ó ní wọ́n máa kọ ìbáwí sínú fáìlì mi. Ó ní wọ́n máa kó gbogbo àga padà sókè, nítorí àwọn tó ń san owó orí ti ń fẹjọ́ sùn.

"Èmi náà ń san owó orí, ma."

"Mo mọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lọ sílé, Ardelia."

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹjọ

Ìwé ìròyìn gbé e jáde: Mísíìsì Pettibone gba àga padà fún ilé ìkàwé. Fọ́tò rẹ̀ tóbi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú kó gbogbo àga lọ, wọ́n kó tèmi náà mọ́ ọn. Inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ wá ṣófo, ó ń dún. Orí páálí ìwé Dogwood ni mo jókòó sí lónìí.

Ṣùgbọ́n Díkónì wá. Mo gòkè lọ wò ó láti ẹ̀yìn ibi ìpamọ́ ìwé. Ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ gbagada, ó sì dojú rẹ̀ bò ó bí ẹni wọ yàrá tirẹ̀. Kò rí mi. Ọkàn mi balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, Joyce sọ̀kalẹ̀ wá. "Ardelia, èèyàn rẹ ń sùn. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ sí oorun."

"Ọ̀gbẹ́ni Lyle náà ń sùn, Mísì Teague. Mo gbọ́ bó ṣe ń hanrun láti ibí. Tí ẹ bá ti jí i tán, màá wá jí Díkónì."

Joyce ronú sí i: òyìnbó ni Ọ̀gbẹ́ni Lyle. Kò jí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Kẹjọ

Wọ́n ní àwọn èèyàn wa kún ìgboro Washington lónìí bí omi láti bèèrè ẹ̀tọ́ wa. Gbogbo ilé àwọn dúdú ló tan rédíò. Mo wà lábẹ́ ilẹ̀, mo ń lẹ ẹ̀yìn ìwé nípa bí a ṣe ń sin oyin.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní ìpínlẹ̀ wa. Látìgbà tí mo ti gba dìgírì ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ń dá owó mi padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbà á. Wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé ọdún ní oṣù Kẹwàá. Màmá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. Mo ti dìde kí n tó rántí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹsàn-án

Bọ́ǹbù bú ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham láàárọ̀, ní àkókò ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọdébìnrin mẹ́rin ti kú.

A padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa nírọ̀lẹ́. Vashti wá jókòó tì mí. Èjìká rẹ̀ kan tèmi títí a fi parí.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹsàn-án

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Birmingham níbi iṣẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù àti owú. Mo gbọ́ gbogbo wọn láti ìsàlẹ̀, mo ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ ọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Joyce sọ̀kalẹ̀ wá títí dé àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ò mú nǹkan kan. Ó dúró. Mo gbójú sókè. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó sì tún gòkè lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹsàn-án

Àwọn èèyàn wa ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ lánàá. Tate tó ń tún bàtà ṣe wá bèèrè ìwé àwòrán ilẹ̀. Káńtà Joyce ni wọ́n ń lọ. Wọn ò mọ̀ pé mo wà nínú ilé náà.

Mo lọ bá Mísíìsì Haskell. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi sí káńtà.

"Wọn ò tíì ṣetán, Ardelia."

"Àwọn wo, ma?"

"Àwọn èèyàn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó to bébà orí tábìlì rẹ̀ lé ara wọn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n kéde pé Joyce ni olórí káńtà láti oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n máa kọ́ ọ ní bí a ṣe ń to ìwé.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹwàá

Cleotha tún pè. Ó ní iṣẹ́ wà ní ilé ìkàwé kan ládùúgbò wọn, wọ́n ń wá ẹni tó ní dìgírì. Mo ní kó fún mi láyè. Ó ní, "Kí ló kù níbẹ̀ tí ẹ ń dúró dè?" Mo ń ronú nípa ìyá àti ọmọ tó wá lọ́jọ́ sí, bí ọmọ náà ṣe ń wo òkè, tí kò mọ ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹwàá

Mísíìsì Haskell àti Joyce wa ọkọ̀ lọ sí ìpàdé. Mísíìsì Haskell ní ọkọ̀ ti kún. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀, owó rẹ̀ ti lé sí i. Ilé ọ̀rẹ́ ìyàwó pásítọ̀ wa ni mo dé sí, nítorí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé lè gbà wá láti jókòó, kò lè gbà wá láti sùn.

Ẹtì, 18 oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán láàárọ̀. Lórí ọjọ́ iwájú iṣẹ́ wa ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní ká wọ gbọ̀ngàn oúnjẹ. Tábìlì róbótó ni, aṣọ funfun, òdòdó láàárín. Mo jókòó sí ọ̀kan nítòsí ògiri. Mísíìsì Haskell kọjá, ó rí mi, ó yára bí ẹni tí wọ́n ń pè níwájú. Joyce tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin kan bọ̀, wọ́n di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi mú, wọ́n rántí pé àwọn ti ṣèlérí láti jókòó pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan bi mí bóyá mo ń lo àga tó wà lápá òsì mi. Mo ní rárá. Ó gbé e lọ. Ẹlòmíràn wá gbé èyí tó wà lápá ọ̀tún. Nígbà tí gbọ̀ngàn kún tán, àga tèmi nìkan ló kù nídìí tábìlì ńlá yẹn, èmi àti òdòdó.

Mo ti ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, mo mú báàgì mi láti dìde. Mo fẹ́ lọ wá bọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ, gbogbo wọn jẹ́ èèyàn wa, wọ́n wọ kóòtù funfun, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn. Àṣà wọn ni pé iwájú, níbi tí ààrẹ ẹgbẹ́ wà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ. Ẹni tó ṣáájú wọn, ọkùnrin tó ti hu ewú, gbé àwo kan ṣoṣo lé ọwọ́. Kò lọ síwájú. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri títí dé ọ̀dọ̀ mi, gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Àwọn tó kù dúró láìmira lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwo wọn lọ́wọ́, wọ́n ń dúró dè é. Lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin tó ń fọ àwo ti kó ara wọn jọ, ọṣẹ ṣì wà lápá wọn, wọ́n ń na ọrùn láti rí mi.

Ó gbé àwo náà síwájú mi. Ó tún ṣíbí mi tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà létòlétò.

"Mísì Mabry," ló wí, bó ṣe kà á lára káàdì orúkọ tó wà láyà mi, "ẹ má yára. Àwọn yòókù lè dúró."

Mo jókòó padà. Mo tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí itan. Mo jẹ adìyẹ náà, mo jẹ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé náà, mo jẹ búrẹ́dì náà pẹ̀lú bọ́tà, mi ò sì yára.